Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tó Ń Gbénú Ọkọ̀

Lẹ́tà kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni. Àwọn èèyàn ńláńlá Lọ́ńdọ̀nù ti gba ìsinmi lọ, ó wá ku Carruthers sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin afínjú ni, ó mọ iyì ara rẹ̀ jù, iṣẹ́ tó sì ń ṣe lásìkò yẹn kò ju kó máa fa sìgá, kó máa sọ fún ẹni tó bá wọlé pé ọ̀gá kò sí nítòsí. Ọwọ́ Davies ni lẹ́tà náà ti wá. Wọ́n jọ lọ sí Oxford, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Davies ní kó wá bá òun nínú ọkọ̀ ìgbòkun òun ní Flensburg, kí àwọn jọ máa rìn kiri lórí Òkun Baltic, kí àwọn máa yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ igbó. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ló tún tẹ̀ lé e. Kó jọ̀ọ́ bá òun mú kọ́ńpáàsì kan bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ibi tí nǹkan wà lọ́ọ̀ọ́kán. Kó mú tábà òun bọ̀. Kó ra sítóòfù Rippingille nọ́ńbà 3. Kó ra irin tí wọ́n fi ń fún okùn òpó ọkọ̀ le. Kó ra aṣọ òjò, ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lójú omi ni o, kì í ṣe ti àwọn olówó tó ń ṣe fàájì.

Ẹni tó bá ń sáré kàwé yóò rẹ́rìn-ín kọjá níbẹ̀, nítorí ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́ bí afínjú yìí ṣe ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn nítorí sítóòfù. Àmọ́ ẹ padà lọ wo ẹrù náà dáadáa. Ẹni tó ń béèrè sítóòfù nígbà tí òtútù ń bọ̀ kò ní í lọ́kàn láti tètè wálé. Irin okùn òpó kì í ṣàdédé bàjẹ́, ohun kan ti ní láti fa òpó náà gidigidi. Kí ni ẹni tó ń dọdẹ pẹ́pẹ́yẹ sì fẹ́ fi irú kọ́ńpáàsì bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìdí abájọ ti wà nílẹ̀ kí ìtàn tó tíì kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Òǹkọ̀wé fi ọjà rírà bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ìwé tí mò ń sọ ni The Riddle of the Sands, tí Erskine Childers kọ, tí iléeṣẹ́ Smith, Elder tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Karùn-ún ọdún 1903. Ọ̀pọ̀ èèyàn kà á mọ́ àwọn ìtàn amí tó kọ́kọ́ gbayì lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n á sì máa sọ nípa ogun àti òṣèlú tó wà nínú rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn. Ohun tó ń mú mi padà sí i ni bí Childers ṣe mú iṣẹ́ ilé inú ọkọ̀, ìyẹn dídákọ̀ró, wíwọn omi, wíwo aago, títan sítóòfù, tó sì sọ wọ́n di ẹ̀rí. Lápàdé inú ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀, ó mọ ọ̀nà àwọn ọ̀daràn. Davies kò mọ ọ̀daràn kankan rí. Ọkọ̀ ló mọ̀. Ibi tó ti mọ ọkọ̀ yẹn náà ló ti rí wọn mú.

Childers kò jókòó sílé ro ó lásán. Akọ̀wé ni òun náà, ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1895. Bí ilé bá ti gba ìsinmi báyìí, ojú omi ló kàn. Lọ́dún 1897 ó ra ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Vixen, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé òpó àti ìgbòkun lé e, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní arẹwà. Òun àti Henry, ọmọ ìyá rẹ̀, gbé e gba àárín àwọn erékùṣù Frisia ní etí òkun Jámánì, wọ́n sì wọ Baltic. Kò ṣòro láti rí ìrìn-àjò náà nínú ìwé rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ nìkan ló fi bẹ́ẹ̀ yí padà: Dulcibella ni ti Davies ń jẹ́, orúkọ àbúrò Childers lóbìnrin.

Ẹ wo bó ṣe mú Carruthers wọnú ọkọ̀ yìí. Arákùnrin náà ti fọkàn sí ọkọ̀ fàájì tó ní àwọn òṣìṣẹ́, ó sì di aṣọ tó bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mu sínú àpótí ńlá kan. Ó dé Flensburg lálẹ́, ó rí Davies nìkan nínú ẹ̀wù tó ti gbó, kò sí òṣìṣẹ́ kankan. Àpótí kò gba ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà wọnú ọkọ̀. Wọ́n gbìyànjú, kò gbà. Wọ́n ní láti tú u síta, kí wọ́n máa fún aṣọ olówó iyebíye mọ́ àwọn ihò kéékèèké tí tábà àti okùn wà. Ní àárín yàrá náà gan-an ni àpótí irin pẹlẹbẹ kan wà, irin tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun náà ni tábìlì oúnjẹ so mọ́. Carruthers ń fi orí gbá òkè, ó ń fi orúnkún gbá irin. Nígbà tó sùn, omi ń kán sí i lójú.

Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá fi ìrìn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Childers fi ń kọ́ wa ní ilé tuntun ni. A mọ̀ pé irin náà ṣeé fà sókè, pé bí wọ́n bá ti fà á sókè, ọkọ̀ yìí kò nílò omi jíjìn mọ́, pé ìdí rẹ̀ tẹ́jú tó láti jókòó sórí yanrìn láìṣubú bí omi bá fà. Kò sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀. Orúnkún Carruthers ló jẹ́ ká mọ̀. Nígbà tó wá kan ọgọ́rùn-ún ojú ìwé síwájú, tí ayé wọn dúró lé e pé ọkọ̀ yìí lè gba ibi tí ọkọ̀ ogun kò lè gbà, ẹnu kò yà wá, a ti gbà á gbọ́ láti ọjọ́ tó ti ń dun Carruthers.

Ọgbọ́n mìíràn tún ni ẹni tó fi ìtàn náà sí lẹ́nu. Davies ló mọ gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ojú ń tì í, gbólóhùn rẹ̀ ń já lágbede méjì, àfi tí wọ́n bá mẹ́nu kan yanrìn. Carruthers ló ń sọ ìtàn fún wa, ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó gbọ́ èdè Jámánì dáadáa, tí kò sì mọ igi kan yàtọ̀ sí okùn nínú ọkọ̀. Bí Davies bá ń sọ ọ́ ni, yóò di ìwé àwọn atukọ̀. Bí Carruthers bá mọ ọkọ̀ ṣáájú ni, kò ní í sí ohun tí yóò béèrè. A ń kọ́ iṣẹ́ bí Carruthers ṣe ń kọ́ ọ. Àwọn tó wà létí yanrìn erékùṣù Frisia, ibi tí Davies mú un lọ láti Baltic, sì ń fojú àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì aláfẹ́ méjì wò wọ́n, ìyẹn ni wọn kò fi tètè fura.

Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ yóò mọ̀ pé Childers kò purọ́ nípa yanrìn náà. Àwọn erékùṣù tó tò tẹ̀ léra wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Jámánì: Borkum, Juist, Norderney, Baltrum, Langeoog, Spiekeroog, Wangerooge. Láàárín wọn àti ilẹ̀ ni omi kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jìn. Omi òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá kún, òkun ni o máa rí títí dé ilẹ̀. Bó bá fà, ẹrẹ̀ àti yanrìn ló kù, àfi àwọn ojú ọ̀nà omi tó ń lọ́ kiri láàárín wọn, tí àwọn ará ibẹ̀ fi igi gún ẹ̀gbẹ́ wọn kí ọkọ̀ má baà ṣìnà. Lẹ́yìn erékùṣù kọ̀ọ̀kan, omi tó gba ìlà-oòrùn wọlé àti èyí tó gba ìwọ̀-oòrùn wọlé máa ń pàdé, ibi tí wọ́n ti pàdé ni yanrìn ti ga jù. Ó rí bí òkè òrùlé, omi ń ṣàn sọ́tùn-ún, ó ń ṣàn sósì. Ọkọ̀ kò lè kọjá lórí rẹ̀ àfi nígbà tí omi bá kún tán, àkókò náà kò sì pẹ́.

Nítorí náà, ìlẹ̀kùn ni àwọn ibi gíga yìí jẹ́ nínú ìtàn náà, aago ló ń ṣí wọn tó ń tì wọ́n. Childers lo èyí títí. Ìwé kún fún wákàtí. Bí wọn kò bá dé ibi báyìí kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọ́n máa jókòó sórí yanrìn di omi tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì ń wá wọn yóò bá wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló jẹ́ pé òǹkọ̀wé ló ń ti àwọn èèyàn rẹ̀ láti ẹ̀yìn kí wọ́n lè tètè ṣe nǹkan. Níbí, òṣùpá ló ń tì wọ́n.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó lágbára nínú ìwé náà, ohun tí kò sí ni. Carruthers ń ka ìwé tí Davies ń kọ ìrìn ojoojúmọ́ sí. Ojú ọjọ́, ibi tí wọ́n dákọ̀ró sí, afẹ́fẹ́ wo ló fẹ́, ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń súni. Ó wá rí i pé ojú ìwé kan ti ya kúrò. Ẹni tí kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò ní kò burú, ìwé a máa ya. Àmọ́ a ti mọ Davies nígbà yẹn. Ọkùnrin tí yóò jí lóru lọ wo okùn ìdákọ̀ró kò ní í já ojú ìwé ìrìn rẹ̀ sọnù láìnídìí. Ìwà ló sọ ìwé yíya di ẹ̀rí. Nígbà tí Carruthers bi í, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dollmann, tó ní òun jẹ́ ará Jámánì, ṣèlérí láti ṣe atọ́nà fún un nígbà tí ìjì ń jà, ó mú un gba ọ̀nà àbùjá láàárín yanrìn Hohenhörn, ó sì fi í sílẹ̀ síbi tí ìgbì ti ń fọ́. Ó fẹ́ pa á ni.

Irin okùn òpó ọjọ́ kìíní, ẹ rántí.

Orí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n fi tukọ̀ lọ sí Memmert. Yanrìn kékeré kan ni Memmert, ó wà láàárín Borkum àti Juist. Dollmann àti àwọn ará Jámánì kan ní àwọn ń wá wúrà inú ọkọ̀ tó rì níbẹ̀. Wọ́n máa ṣe ìpàdé, Davies sì fẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Kùrukùru bo gbogbo ayé lọ́jọ́ náà, ojú ò ríran ju ìgbésẹ̀ mélòó kan lọ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kúrò ní èbúté ní irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ni Davies ṣe fẹ́ lọ. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí Dulcibella ni wọ́n gbé láti Norderney. Carruthers ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Davies ní kọ́ńpáàsì, aago, máàpù, àti ọ̀pá kan tó fi ń gún ìsàlẹ̀ omi.

Ẹ wo ohun tí Childers ṣe níbí yìí. Ó gba ojú lọ́wọ́ òǹkàwé. Kò sí erékùṣù tá a lè wò, kò sí ọkọ̀ mìíràn, kò sí oòrùn. Ó wá ku ìró àjẹ̀, nọ́ńbà tí Davies ń kà, àti ọwọ́ rẹ̀ tó ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹrẹ̀ àti yanrìn láti orí ọ̀pá. Davies kò sá fún ibi tí kò jìn. Etí yanrìn gan-an ló ń tẹ̀ lé, torí pé omi jíjìn kò lè sọ ibi tó wà fún un, ṣùgbọ́n yanrìn tó bá fọwọ́ kàn yóò sọ ọ́. Òun sì ti mọ̀ pé omi ń fà lọ́wọ́, pé bó bá ṣe ń fà ni ojú ọ̀nà ń tóóró sí i, tí kò fi ní í ṣòro láti mọ̀ bóyá wọ́n ti kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù lójú omi náà, kùrukùru àti omi fífà, òun ló fi ṣe irinṣẹ́. Carruthers, tó kẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ń lọ bí gbogbo ẹni tó ń tukọ̀, kò rí nǹkan kan àfi ojú Davies. Àwa náà kò rí nǹkan mìíràn. Kò sí ìbọn, kò sẹ́ni tó ń lé wọn, síbẹ̀ ọkàn èèyàn kò balẹ̀ títí ọkọ̀ fi kan ilẹ̀.

Wọ́n dé. Carruthers yọ́ lọ sábẹ́ fèrèsé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó wà nínú ilé pákó náà. Ibẹ̀ tún ni òmíràn nínú ọgbọ́n òǹkọ̀wé yìí. Bí wọ́n bá sọ gbogbo ète wọn síta, ìtàn ti bàjẹ́. Ìdajì gbólóhùn ló ń gbọ́: orúkọ ibì kan, nọ́ńbà kan, ọ̀rọ̀ nípa omi kíkún. Ẹni tó ń ka ìwé náà gbọ́ ohun tí Carruthers gbọ́, kò dín, kò lé.

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ òpin rẹ̀, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Máàpù ni ìdáhùn wà, ó sì ti wà níwájú wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní etí ilẹ̀, ní ọ̀kánkán àwọn erékùṣù, àwọn èbúté kéékèèké kan wà tí orúkọ wọn parí sí siel, ibi tí omi ilẹ̀ ti ń gba ẹnu ọ̀nà jáde sókun. Bensersiel wà lára wọn. Méje ni Carruthers kà. Davies ń fojú atukọ̀ wo ojú ọ̀nà omi, ó rò pé ọkọ̀ ogun kéékèèké ni wọ́n ń pèsè ọ̀nà sílẹ̀ fún. Carruthers, akọ̀wé tó ti ń ka ìwé ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́, ló rí i pé ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wò: ọkọ̀ akẹ́rù pẹlẹbẹ tó máa kó ọmọ ogun láti èbúté méjèèje, tí ọkọ̀ mìíràn yóò fà wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóru ọjọ́ kan. Afínjú tí kò wúlò yẹn ló já a. Nígbà tó wá fi ara pamọ́ sínú ọkọ̀ tó ń fa ọ̀kan nínú wọn, ó já ìtọ́kọ̀ gbà, ó fi ọkọ̀ náà gún yanrìn. Ẹni tí àpótí rẹ̀ kò gba ẹnu ihò ọkọ̀ ló ti wá mọ ibi tí ọkọ̀ kò lè gbà yìí.

Ibì kan wà tí iṣẹ́ náà kò dán. Clara, ọmọ Dollmann, ni Davies nífẹ̀ẹ́ sí, Childers kò sì mọ ohun tó máa fi ọmọbìnrin náà ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ọmọ náà ń yọ òun lẹ́nu. Ó hàn nínú ìwé. Bí Clara bá ti wọlé, gbólóhùn á le gbagidi, Davies á máa pọ́n lójú, a óò sì máa retí kí omi tètè kún kí wọ́n lè lọ. Mo tún rò pé òpin rẹ̀ yára jù. Ẹni tó fi sùúrù gún yanrìn láti Norderney dé Memmert, ojú ìwé díẹ̀ ló fi palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Àmọ́ von Brüning, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Jámánì, kò ní àbùkù kankan. Ọlọ́yàyà ni, ó gbọ́n, ó sì mọ́kàn. Nígbà tí òun àti Carruthers bá ń ṣe àpọ́nlé ara wọn nídìí oúnjẹ, tí oníkálukú ń fi ìbéèrè jẹ́jẹ́ wá ohun tí ẹnì kejì mọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kan níbẹ̀, àfi ewu.

Àwọn ológun gba ìwé náà gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 1910, àwọn ará Jámánì mú ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Brandon àti Trench, tó lọ ṣe amí ní àgbègbè Borkum. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Leipzig, tí wọ́n bi Brandon bóyá ó ti ka ìwé Childers, ó ní òun ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Childers ní tirẹ̀ kò jókòó síbì kan. Ní July 1914, ó fi ọkọ̀ ìgbòkun rẹ̀ mìíràn, Asgard, kó ìbọn 900 wọ Howth fún àwọn tó fẹ́ ìjọba ara ẹni ní Ireland. Ní December ọdún náà, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá wọn fò lọ kọlu Cuxhaven, torí kò sí ẹni tó mọ etí òkun yẹn bíi tirẹ̀. Àwọn ará Ireland tó gba ìjọba ló yìnbọn pa á ní Dublin ní November 24, 1922, nínú ogun abẹ́lé wọn. Ọmọ rẹ̀ di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1973. Asgard ṣì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Dublin. Ìgbésí ayé rẹ̀ le débi pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gbàgbé láti wo bó ṣe kọ gbólóhùn.

Ìwé náà ṣì wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Bí o bá fẹ́ rà á, ṣí i wò kó o tó sanwó. Máàpù mẹ́rin ni Childers fi sínú rẹ̀, méjì tó fi gbogbo àgbègbè náà hàn, méjì tó sún mọ́ ojú omi pẹ́kípẹ́kí. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ṣú débi tí o kò lè ka orúkọ Memmert, dá a padà sórí igbá kó o wá òmíràn. Fi ìka sí Norderney nígbà tí Carruthers bá ti mú àjẹ̀, kó o sì máa tọ ọ̀nà náà bí Davies ṣe ń ka nọ́ńbà.